Ẹ Ti Ilẹ̀kùn, Ẹ Má Yọjú Lójú Ihò Kọ́kọ́rọ́

Aago mẹ́fà ìdájí ò tíì lù tí ọ̀pọ̀ òbí ti kúrò ní Kubwa, ní Lugbe, ní Mararaba, torí ẹni tó bá jẹ́ kí gósìlóò ká òun mọ́nà lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kó máa retí kúẹ́rì lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọ á ti sukúù dé ní aago méjì, á jẹun, màmá àti bàbá ò ní wọlé títí aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí mẹ́fà gbáko yẹn, ká má tanra wa jẹ, fóònù ló ń bá wa tọ́mọ. Tó bá jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìjẹ̀bú ni, aládùúgbò á ti bá ẹ na ọmọ ẹ kó tó wá sọ fún ẹ. L'Abuja níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ orúkọ ẹni tó ń gbé fláàtì òkè.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń gbóná níbi ìpàdé láńdíọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìsìn, níbi àsálátù: kí la fẹ́ ṣe sí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ ọmọ? Àwọn kan ní ká gba fóònù ọ̀hún jàre, ṣebí àwa náà ò lo fóònù ká tó dàgbà. Àwọn kan ti kọjá ìyẹn, wọ́n ti sanwó fún ẹni tó bá wọn fi áàpù amí sínú fóònù ọmọ, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lórí WhatsApp ló ń dé ọ̀dọ̀ màmá, ọmọ ò sì mọ̀ rárá. Èrò tiwa níbí ni pé kí òbí ti ilẹ̀kùn tó yẹ ní títì, kó jẹ́ kí ọmọ rí i pé òun tì í, ṣùgbọ́n kó má lọ máa yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́.

Ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ò wò rárá. Fóònù tọ́mọ ń lò yẹn, account ta ló wà lórí ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà, fóònù tòkunbọ̀ tí bàbá lò títí tó fi ra òmíràn ni, Gmail bàbá ló ṣì wà níbẹ̀. Lójú YouTube, ọkùnrin ẹni ọdún 43 ló ń wo kàtúùnù yẹn, ohun tí ọkùnrin ọ̀hún bá sì ti wò láàárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, irú ẹ̀ ni wọ́n á gbé síwájú ọmọ ọdún 7 lọ́sàn-án. Fídíò kan á tán, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, ẹnì kankan ò tẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà la ó wá máa bi ara wa pé ibo lọmọ yìí ti kọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ ṣí account tọmọ fún ọmọ. Google ní èyí tí wọ́n ń pè ní Family Link, láti 2017 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni: tọ́mọ ò bá tíì pé ọdún 13, tẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ orí ẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe rí gan-an, òbí ló máa fọwọ́ sí áàpù kó tó wọlé, òbí náà ló máa sọ aago tí fóònù á ti ara ẹ̀ lálẹ́. Kì í ka mẹ́sẹ́ẹ̀jì ọmọ fún ẹ, ọmọ sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ohun tá a fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn. Òbí tó bá bá ọmọ ọdún 10 purọ́ ọjọ́ orí kó lè rí TikTok ṣí, òun fúnra ẹ̀ ló yọ ilẹ̀kùn kúrò lára ògiri.

Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń kọ l'Amẹ́ríkà àti London ni pé kẹ́ ẹ fi fíltà tó ń dínà sáìtì burúkú sí ráútà ilé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín wáífáì, ó parí. Ó dáa fún wọn, wáífáì kan ni gbogbo ilé ń lò. Tiwa ńkọ́? Màmá ń lo MTN, bàbá ń lo Airtel, ọmọ ń gba hotspot lọ́wọ́ àǹtí tó ń bá wọn gbélé, tíyẹn bá sì tán, ọmọ fláàtì kejì wà níbẹ̀. Fíltà orí ráútà ò mọ nǹkan kan nípa gbogbo ìyẹn, orí fóònù fúnra ẹ̀ ló yẹ kó wà. Android 9 sókè ní ibì kan nínú settings tó ń jẹ́ Private DNS. Tẹ́ ẹ bá kọ family.cloudflare-dns.com síbẹ̀, ọ̀pọ̀ sáìtì ìhòòhò ò ní ṣí mọ́ lórí fóònù yẹn, ì báà jẹ́ dátà tiẹ̀ tàbí hotspot ẹlòmíì. Láti April 2020 ni Cloudflare, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan l'Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọn ò sì gba kọ́bọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: kí fóònù tó dé sáìtì kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè àdírẹ́ẹ̀sì, ẹni tẹ́ ẹ fi síbẹ̀ yìí á wá dà bíi máígáàdì tó ní òun ò mọ ilé ẹni tó ń wá.

Àbùkù ẹ̀ wà o. Ọmọ tó bá ti gbọ́n á wa VPN, áàpù tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá, sórí fóònù, fíltà á di àwòrán ara ògiri. Fíltà tó bá sì le jù ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìhòòhò àti ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wa lọ́fíìsì yìí fi irú ẹ̀ sórí fóònù ọmọ ẹ̀, ọmọ ń wá ohun tí tíṣà báólójì ní kí wọ́n kà nípa jẹjẹrẹ ọmú, gbogbo ẹ̀ ló tì pa, bàbá ló wá jókòó tì í tí wọ́n jọ kà á lórí fóònù tiẹ̀. (Ó ní ó ti pẹ́ táwọn ti jókòó pa pọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà bóyá fíltà yẹn tiẹ̀ wúlò.)

Ó ku áàpù amí. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tó de gbogbo wa l'Abuja, sọ ní abala 8 pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ẹ̀, sí lẹ́tà ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Abala yẹn kan náà ló ní èyí ò gba agbára lọ́wọ́ òbí láti mójú tó ọmọ bó ṣe tọ́. Ohun tó tọ́ yẹn gan-an nìjà wà. Àwọn tó ń lo áàpù amí á ní ọmọ tó ń jẹ iṣu ẹni, kí ló fẹ́ fi pa mọ́? Kì í ṣe torí ìtìjú ọmọ nìkan la ṣe ń sọ ọ́. Ní March 2022, ọmọkùnrin ọdún 17 kan ní Michigan l'Amẹ́ríkà rò pé ọmọbìnrin lòun ń bá sọ̀rọ̀ lórí Instagram, ó fi fọ́tò ìhòòhò ara ẹ̀ ránṣẹ́, ni wọ́n bá ní kó mówó wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn á fi han gbogbo ayé. Lóru yẹn kan náà lọmọ ọ̀hún gba ẹ̀mí ara ẹ̀. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀, ọmọ ìyá méjì láti Èkó ni, ní September 2024 ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀. Ọmọ ilé ẹnìkan làwọn náà, ká rántí ìyẹn.

Kò sí fíltà tó ń dá irú ìyẹn dúró, Instagram kì í ṣe sáìtì ìhòòhò. Ẹni tí ọmọ lè jí lóru kó sọ pé mo ti ṣe nǹkan kan, ẹ gbà mí, ìyẹn lọmọ nílò. Ọmọ tó bá ti ká màmá ẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń ka chat ẹ̀ ní bòńkẹ́lẹ́, ṣé màmá yẹn ló máa jí? Account kejì ló máa lọ ṣí lórí fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú alákàn yọ síta gbangba, gbogbo ẹran inú odò ló ń rí i. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ọmọ ò sùn mọ́, pé àgbàlagbà tẹ́ ẹ ò mọ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ gba fóònù lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ ṣí i.

Àwọn kan ní kíjọba ṣe bíi ti Ọsirélíà, tí òfin wọn lé ọmọ tí ò tíì pé ọdún 16 kúrò lórí sóṣà mídíà láti December 10, 2025, iléeṣẹ́ ni wọ́n sì ń bu ìtanràn lé, kì í ṣe òbí. Káwọn aṣòfin wa jókòó lé e tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n aago méjì ọ̀sán ọ̀la lọmọ máa ti sukúù dé.

Lálẹ́ òní, ẹ pe ọmọ, kó fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ Private DNS yẹn síbẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún un. Tó bá wá di aago mẹ́sàn-án, kí gbogbo fóònù ilé lọ sórí fíríìjì, ti bàbá náà. A mọ̀ pé bàbá máa sọ pé òun ń retí ìpè láti ọ́fíìsì. Kó gbé e síbẹ̀, tó bá dún, gbogbo wa la máa gbọ́.