Ẹ má ti Kèlání mọ́ ààfin

Èrò ọkàn mi rèé. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, lórílẹ̀-èdè Benin, bí ẹ bá ti dárúkọ Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù ọmọ Nàìjíríà, fíìmù Ṣaworoidẹ ló máa kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu èèyàn. Ọba, ìlù, idẹ, àwọn ìjòyè tó ń jẹ ìlú run. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn kan á ní àtìgbà tí bàbá náà ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọba, iṣẹ́ rẹ̀ ò dùn mọ́. Mi ò gbà rárá.

Kò tíì ṣe Ṣaworoidẹ lọ́dún 1999 tó ti ṣe Ó Le Kú, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì, látinú ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wo ó tán, ó gbé aṣọ lọ bá télọ̀: ìró kúkúrú, bùbá tápá rẹ̀ fẹ̀. Ólekú là ń pè é títí dòní. Fíìmù ọba wo ló ṣe irú ìyẹn fún un? Lọ́dún 2001, ọ̀rọ̀ mágùn ló gbé dé, tó fi oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó kojú ara wọn. Ní 2014, ó mú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 2021, ìtàn Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1980, ló tún yà.

Àmọ́ Abẹ́ní, ti ọdún 2006, ni tèmi. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ wò ó nílé, ìyá mi ò tiẹ̀ wojú tẹlifíṣọ̀n, ìrẹsì ló ń ṣà nínú àtẹ. Bí òṣèré kan, Abdel Hakim Amzat, ṣe lanu sọ̀rọ̀ báyìí, ó gbé àtẹ sílẹ̀. "Ta nìyẹn? Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni o!" Kò sì jẹ̀bi, ọmọ Benin ni. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbogbo Yorùbá tá à ń gbọ́ nínú fíìmù, ti Ìbàdàn tàbí ti Èkó ni. Ó yé wa dáadáa, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà téèyàn jókòó ní pálọ̀ onílé. Lọ́jọ́ náà, Faransé ń wọnú Yorùbá bá a ṣe ń sọ ọ́ lọ́jà Wàǹdó gan-an.

Ká ní bàbá yìí jókòó ti ọba àti ìjòyè nìkan, kí ló máa gbé kámẹ́rà rẹ̀ kọjá ibodè wá sọ́dọ̀ wa? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú Abẹ́ní ló gbé e wá, torí a máa ń fẹ́ ara wa sọ́hùn-ún sọ́hìn-ín. Bó sì ṣe ń pààrọ̀ ọ̀nà tó, ẹnu rẹ̀ ò yàtọ̀: òwe, orin, ìkíni, gbogbo rẹ̀ bọ́ síbi tó yẹ.

Ìyá mi ṣì ń béèrè bóyá á tún padà wá. Ó ní ọ̀rọ̀ àwa obìnrin tá a ń kó ọjà gba ibodè Ìgólò kọjá ṣì wà ńlẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì yà á.