Bí Ọ̀bẹ Ṣe Mú Tó, Kò Lè Gbẹ́ Èkù Ara Rẹ̀

Òṣìṣẹ́ ìlera ni òwe yìí ń bá wí lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn. Nọ́ọ̀sì tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ tu àyà tó ń já. Ẹlòmíì ni yóò bá a gbẹ́ èkù: onílé rẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá wọ́ọ̀dù rẹ̀.

Ẹ̀yin onílé la ó kọ́kọ́ bá wí. Bí kòrónà ṣe dé ní 2020, ẹni à ń yẹra fún ni nọ́ọ̀sì dà: èrò inú takisí Micra á sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ará ilé á ní kó má fa omi kànga mọ́. Bẹ́ẹ̀ Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ṣèyí Mákindé, fúnra rẹ̀ kéde ní ìparí oṣù kẹta ọdún yẹn pé àyẹ̀wò ti fi hàn pé òun ní in. Ta ló ní kó kẹ́rù jáde? Òótọ́ ni pé òṣìṣẹ́ ìlera súnmọ́ àrùn ju ọlọ́jà Bódìjà lọ. Ṣùgbọ́n omi kànga kọ́ ló ń gbé kòrónà kiri. Èémí àti itọ́ wínníwínní ẹni tó ní in ni, pàápàá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì pa.

Ohun tó tọ́ kí ẹ bi í kò ju èyí lọ: ṣé ó ń bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní ọsibítù, tó ń dì í sínú ọ̀rá, tó ń fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́? Ṣé ó ń fi ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60? Bí ẹ bá fẹ́ nu ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ wo ara ike jíìkì. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 3.5%, ṣíbí ìjẹun 2 sí omi lítà 1 ti tó. Ẹ pò ó lákọ̀tun lójoojúmọ́, torí agbára rẹ̀ ń lọ. Ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹ wá máa fi wọ́n èèyàn lára lẹ́nu géètì, ìwà òmùgọ̀ ni: ó ń bó awọ, ó ń ta ojú, kò sì kan kòkòrò tó wà lọ́fun.

Níbi iṣẹ́, ìgbà tí wọ́n ń bọ́ aṣọ ààbò léwu ju ìgbà tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ. Ó ti rẹ èèyàn, òógùn ti bojú, imú ń yún un. Ìbọ̀wọ́ ló ń kọ́kọ́ kúrò, torí òun ló dọ̀tí jù; aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àti ìgò ojú tẹ̀lé e; ìbòmú ló kẹ́yìn. Okùn rẹ̀ lẹ́yìn orí la ń dì mú, a kì í fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró tì í, kó máa pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún un. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀. Ẹni tó fo ìgbésẹ̀ ni kì í sùn lóru, tó ń rò ó bóyá òun fọwọ́ kan imú. Bí ẹnìkejì bá ti wò ó tán tó ní “O ti bọ́ ọ dáadáa,” oorun á wá.

Ẹ̀yin mètírọ́nù, ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé kò sí?” “A dúpẹ́” náà lẹ ó gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé, “Wákàtí mélòó lo sùn lánàá? Kí lo jẹ láti àárọ̀?” Ẹni tó ń jágbe mọ́ aláìsàn, tí àyà rẹ̀ ń já bí fóònù bá dún, tó ń wọn ìgbóná ara rẹ̀ ṣáá, ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́ tó fúyẹ́ fúngbà díẹ̀. Kó jókòó, kó fa èémí sínú títí yóò fi ka 4, kó tu ú síta títí yóò fi ka 6, fún ìṣẹ́jú 5. Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá kọjá tí àyà jíjá náà kò lọ, dókítà ọpọlọ ló kù. UCH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan sìn ín lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dé orí WhatsApp wọ́ọ̀dù. Bó bá débẹ̀, ẹlòmíì tó ní irú rẹ̀ kò ní sọ.