Ṣé ìgbà tí iná bá sọ nìkan ni epo ń pa wá?

Bí wọ́n bá ní ọ̀pá epo ṣe jàǹbá ní Èkó, iye òkú la kọ́kọ́ ń béèrè. Abúlé Ẹ̀gbá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì 2006, èèyàn tó lé ní 200 jóná. Ìjẹ̀gùn, oṣù Karùn-ún 2008. Abúlé Àdó, oṣù Kẹta 2020. Gómìnà á dé, oníkámẹ́rà á dé, a ó kẹ́dùn, ó tán. Àwọn tí iná ò jó lèmi ń béèrè o. Àwọn tó ń gbé lórí ọ̀pá yẹn, tí wọ́n ń fa òórùn epo símú tọ̀sán tòru, ta ló ń kà wọ́n?

Ẹ wo Bàrúwà ní Ìpájà. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo ti ń jò látinú ọ̀pá tó gba abẹ́ ilẹ̀ wọn, tó sì wọ kànga wọn. Ẹ fa omi, epo bẹntiróòlù lẹ ó gbóòórùn. Gbogbo ìròyìn tí mo kà nípa wọn, ọ̀rọ̀ omi ni. Ó dáa, ẹni tí omi rẹ̀ bàjẹ́ á wá owó ra òmíràn. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ta ló ń ta á ní ọ̀rá?

Epo tó jò sílẹ̀ kì í jókòó síbẹ̀. Ó ń fẹ́ lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń gba inú yẹ̀pẹ̀, ẹnu kànga àti ibi tí ilẹ̀ yàrá ti sán. Ọ̀kan nínú ohun tó ń bá a jáde ni benzene. Àwọn onímọ̀ kò jiyàn lórí rẹ̀ mọ́: ó ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kan nínú afẹ́fẹ́ táwọn lè sọ pé kò léwu. Kó tó dé ibẹ̀, orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, ojú á máa tani. Àwa á ní ibà ni, a ó gba kẹ́mísítì lọ.

Ẹni tó bá ní mo ń sọ àsọdùn, kó wo ìwádìí tí UNEP, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, gbé jáde lórí ilẹ̀ Ògóní ní Ìpínlẹ̀ Rivers ní 2011. Ní Nisisioken Ogale, nítòsí ọ̀pá epo, benzene inú omi táwọn èèyàn ń mu fi ìlọ́po 900 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà. Wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ wò pẹ̀lú, kò sí ibi tí wọ́n ti bù ú tí benzene ò sí. Ó kéré tán, àwọn yẹn ní iye tí wọ́n lè gbé lọ sílé ẹjọ́. Kí ni Bàrúwà ní lọ́wọ́?

Mo mọ èsì tí yóò wá: “Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ń lu ọ̀pá!” Olè ń lu ọ̀pá lóòótọ́, ẹ bi àwọn ará Arépo. Ṣùgbọ́n ní Ìjẹ̀gùn, katakata tó ń ṣe títì ló gbá ọ̀pá, kì í ṣe olè. Irin tó pẹ́ nílẹ̀ a sì máa jẹrà fúnra rẹ̀. Ọmọ tó ń rákòrò lórí símẹ́ńtì, ọ̀pá wo lòun lù? Òun ni nǹkan yìí sì sún mọ́ jù, torí ohun tó ń fẹ́ jáde lára epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń bà sí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí wọ́n kó kúrò. Ọmọ onílẹ̀ ta ilẹ̀ fún wọn, ìjọba ń gbowó ilé lọ́wọ́ wọn, wọ́n fa iná mànàmáná fún wọn. Ìgbà tí àìsàn dé ni wọ́n wá di ẹni tó kọ́lé síbi tí kò yẹ?

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Èkó, àti NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí epo tó dànù, gbé ẹ̀rọ tó ń wọn benzene wọ inú yàrá àwọn èèyàn wọ̀nyí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ títì nìkan, kí wọ́n sì lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri káńsù. Kí nọ́ọ̀sì ìlera alábọ́ọ́dé máa béèrè bí ilé aláìsàn ṣe jìnnà sí ọ̀pá tó.

Ní tiwa, bí òórùn bá ń já, ẹ pa jẹnẹrétọ̀, ẹ má ṣáná, ẹ kúrò níbi tó rẹlẹ̀, kí ẹ tó pe nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 112 tàbí 767. Bí wọ́n bá bi yín pé ṣé iná ti sọ, ẹ ní rárá, ìdí tí ẹ fi tètè pè nìyẹn.