Ìbòmú Kì Í Ṣe Asẹ́

Tí ọ̀rọ̀ bá ti kan kíkó ìbòmú pamọ́ sílé de ọjọ́ tí nǹkan bá le, ẹnì kan kò ní ṣàì sọ ọ́: “Ihò ara ìbòmú tóbi ju kòkòrò àrùn lọ. Àfi bí ẹni fi àwọ̀n ẹja sé ẹ̀fọn mọ́ ìta.” Ó sì máa ń ní nọ́ńbà tó fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní ìwọ̀n máíkírọ́ọ̀nù 0.3 (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà) ni wọ́n fi ń dán N95, ìbòmú tí wọ́n ṣe láti mú eruku kíkúnná, wò, bẹ́ẹ̀ kòkòrò kòrónà kò ju nǹkan bí 0.1 lọ, kí ló wá fẹ́ dá a dúró? Ẹlòmíì á gba ibòmíì yọ. Ó ní tó bá jẹ́ pé ihò ni ìṣòro, ká kúkú ra èyí tó ki jù, irú ti àwọn ológun tó ní agolo lẹ́nu, nítorí ìyẹn kò ní jẹ́ kí ohunkóhun wọlé, ì báà ṣe èéfín, ì báà ṣe gáàsì.

Ẹni àkọ́kọ́ kò ní ra ohun tí ì bá ṣe é láǹfààní. Ẹnì kejì á gbójú lé ohun tó lè gbẹ̀mí rẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà sì ni àṣìṣe méjèèjì. Àwọn méjèèjì rò pé asẹ́ ni ìbòmú, pé ohun tó bá kéré ju ojú rẹ̀ lọ á jò, ohun tó bá tóbi jù ú lọ á dúró. Bí ìbòmú ṣe ń ṣiṣẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tí kò bá sì mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè mọ èyí tó yẹ kó rà, kò lè mọ bó ṣe yẹ kó tọ́jú rẹ̀, kò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó gbàgbé ìbòmú kó sá jáde.

Ẹ mú N95 kan, kí ẹ gé e sí méjì. Ẹ óò rí i pé ìpele ìpele ni. Ti òde àti ti inú kàn ń gbá ti àárín mú ni; ti àárín yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Ike tí wọ́n yọ́ ni, tí wọ́n fi afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ títí tó fi di fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ fíìfíì, tí àwọn fọ́nrán náà sì wọ́ lé ara wọn láìlétò, bí ìtẹ́ ẹyẹ. Àlàfo tó wà láàárín fọ́nrán kan sí èkejì tóbi ju kòkòrò àrùn lọ lóòótọ́. N kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lọ tààrà nínú rẹ̀. Igbó ni. Afẹ́fẹ́ tí ẹ fà símú ní láti yà sọ́tùn-ún, yà sósì, láìmọye ìgbà kó tó yọ sí òdìkejì.

Ohun tó bá wúwo díẹ̀ kò lè yà bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yà. Bí ẹni tó ń sáré àsápajúdé nínú igbó, ó ń lọ forí sọ igi. Èyí tó fúyẹ́ ju ìyẹn lọ lè bá afẹ́fẹ́ yà, ṣùgbọ́n bó bá ti fara kan fọ́nrán pẹ́nrẹ́n, ó lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn, nítorí ohun tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kì í fara kan nǹkan kó tún tètè rí ara rẹ̀ yọ. Àwọn tó wá kéré jù, àwọn gan-an tí wọ́n ní yóò jò, lọ̀rọ̀ wọn yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Wọn kì í rìn gbọọrọ. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń tì wọ́n síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Robert Brown rí irú ìgbọ̀n yìí lábẹ́ máíkírósíkóòpù lọ́dún 1827, Albert Einstein sì ṣàlàyé ohun tó ń fà á lọ́dún 1905. Bí nǹkan bá ṣe kéré sí i ni yóò ṣe máa gbọ̀n sí i, bó bá sì ṣe ń gbọ̀n tó ni yóò ṣe máa kọ lu fọ́nrán tó. Ọ̀mùtí kò lè la igbó kìjikìji kọjá kó má forí gbá igi.

Kí wá ni 0.3 ọ̀hún? Kì í ṣe fífẹ̀ ihò. Ní sàkáání ìwọ̀n yẹn, nǹkan ti kéré jù láti forí sọ igi, ó sì tún tóbi jù láti máa gbọ̀n dáadáa. Ibẹ̀ ló ti nira jù fún fílítà lásán láti mú un, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi lókìkí. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń fọwọ́ sí N95, ń fi iyọ̀ tí wọ́n sọ di ìkùukùu dán an wò. Lítà 85 ni wọ́n ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, bí èémí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára, ìbòmú náà sì gbọ́dọ̀ dá ó kéré tán 95 nínú 100 dúró. Tí a bá sì ka hóró iyọ̀ náà níkọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò ju máíkírọ́ọ̀nù 0.075 lọ. Ìyẹn kéré ju kòkòrò kòrónà lọ! Kòkòrò náà kì í sì í fò níhòòhò. Inú ẹ̀kán tíntìntín tó ń bá èémí àti ọ̀rọ̀ ẹnu jáde ló máa ń wà, ẹ̀kán náà sì tóbi jù ú lọ.

Ohun kan tún wà lára fọ́nrán yẹn tí asẹ́ kankan kò ní. Ẹ fi kóòmù ike ya irun gbígbẹ, kí ẹ gbé e sún mọ́ bébà tí ẹ ti ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí tábìlì. Bébà á fò sókè lọ lẹ̀ mọ́ ọn kí kóòmù tó kàn án. Irú iná mànàmáná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sára fọ́nrán àárín N95, tó sì máa ń wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Peter Tsai, tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Tennessee, wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ yìí dé ojú àmì ní àwọn ọdún 1990. Fọ́nrán tó ní iná lára máa ń fa eruku mọ́ra, nítorí náà kò di dandan kí wọ́n kó o jọ gírígírí, èèyàn á sì lè mí.

Ibí yìí ló ti kan ẹ̀yin tí ẹ ń kó o pamọ́. Mo ti rí N95 tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀, tí wọ́n sá sórí okùn aṣọ. Ó funfun, kò ya, ó dà bí tuntun. Ká ní asẹ́ ni, fífọ̀ á mú kó dára sí i ni. Ṣùgbọ́n ọṣẹ àti sìpírítì máa ń pa iná ara fọ́nrán yẹn, ojú kò sì lè rí i pé ó ti kú. Ẹni tó sá a sóòrùn rò pé ìbòmú ni òun ń tọ́jú. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fín sìpírítì sí i, ẹ má sè é, ẹ má lọ̀ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ tún un lò, inú àpò bébà ni kí ẹ fi sí kó sinmi fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ máa lo òmíràn.

Àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1910, àjàkálẹ̀ àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Manchuria, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà. Wọ́n rán dókítà ọmọ ọdún 31 kan, Wu Lien-teh, lọ sí Harbin, ìlú kan níbẹ̀. Ó ní èémí ló ń gbé àrùn náà kiri, ó sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ fi òwú tí wọ́n wé sínú aṣọ báńdéèjì bo imú àti ẹnu. Dókítà ará Faransé kan tó dàgbà jù ú lọ, Gérald Mesny, kò gbà. Ó wọ ilé ìwòsàn lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn láìbo nǹkan kan. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó kù ń wá òwú àti báńdéèjì kiri, bẹ́ẹ̀ ẹ wo bí àlàfo inú òwú ti tóbi tó.

Ẹ̀rí míì tí wọ́n máa ń mú wá ni òórùn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, èéfín igbó tó ń jó ní Kánádà bo New York títí tí ojú ọ̀run fi pọ́n bí ọsàn. Àwọn tó wọ N95 ṣì ń gbóòórùn èéfín, àwọn kan sì bọ́ ọ kúrò pé kò ṣiṣẹ́. Òórùn kì í ṣe eruku. Gáàsì ni. Ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́ jù nínú èéfín igbó ni eruku rẹ̀ tó kúnná, N95 sì ń mú ìyẹn dáadáa bó tilẹ̀ jẹ́ pé imú ṣì ń gbóòórùn.

Tí ihò kan bá wà tó yẹ ká bẹ̀rù, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wà. Afẹ́fẹ́ máa ń wá ibi tó rọrùn ni, bí àyè ìka kan bá sì ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, ibẹ̀ ló máa gbà. Ìdí nìyẹn tí ìbòmú àwọn oníṣẹ́ abẹ, tó ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò fi lè dúró fún N95 tàbí FFP2, irú rẹ̀ ti Yúróòpù, bí aṣọ rẹ̀ tilẹ̀ dára. Nígbàkigbà tí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ fi ìka ọwọ́ méjèèjì tẹ irin orí imú títí tó fi gba ìrísí imú yín. Ẹ má fi ọwọ́ kan ṣoṣo ká a, torí ó máa ń ká ṣóńṣó. Kí ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì bò ó, kí ẹ mí síta kíkankíkan. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lu ojú yín, tàbí kí awò ojú yín ṣú, kò tíì dì. Irùngbọ̀n tó bá gba abẹ́ etí ìbòmú kọjá ti ṣílẹ̀kùn nìyẹn, ì báà jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ó máa ń dun àwọn ọkùnrin kan láti gbọ́ èyí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí abẹ́fẹ́lẹ́ wà nínú ohun tí ẹ kó pamọ́. NIOSH kò fọwọ́ sí N95 kankan fún ọmọdé, nítorí náà ẹ má fi ti àgbà sójú ọmọ kí ọkàn yín wá balẹ̀. Okùn méjì tó gba ẹ̀yìn orí ló máa ń wà lára N95 tí NIOSH fọwọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń fi kọ́ etí, tí wọ́n sì kọ N95 sí lára, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú.

Ó wá ku ẹni tó ń wá èyí tó ki jù. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ló ń kó ìpayà bá mi. Gáàsì kì í lẹ̀ mọ́ fọ́nrán, bó ti wù kó ki tó. Ohun tó ń mú un ni èédú tí wọ́n ṣe lákànṣe sínú agolo, tó kún fún ihò débi pé tí a bá tẹ́ gbogbo ojú gíráàmù kan rẹ̀ sílẹ̀, á ju mítà 500 onígun mẹ́rin lọ. Èédú yìí náà kì í mú gbogbo gáàsì. Agolo tó wà fún gáàsì tó ń jáde lára ọ̀dà lè má wúlò fún gáàsì amóníà, kódà àwọ̀ tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò bára mu, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni kí ẹ kà. Gáàsì kan sì wà tí èédú kì í mú rárá: kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Òun ló ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀, òun ló ń jáde lára ẹyín iná nínú yàrá tí wọ́n tì pa, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn nínú ilé tó ń jóná kí iná tó dé ọ̀dọ̀ wọn. N95 kò lè dá a dúró. Ìbòmú ológun kò lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí fílítà tó lè dá ọ́síjìn padà síbi tí iná ti jẹ ẹ́ tán. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ̀rọ tó ń han tí gáàsì yìí bá wà nínú ilé ṣe pàtàkì ju agolo mẹ́wàá lọ, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Àwọn ìbòmú ológun àtijọ́ tí wọ́n ń tà kiri tún ní ewu tiwọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín nǹkan bíi mílíọ̀nù 38 fún aráàlú lọ́dún 1938 nítorí ìbẹ̀rù ogun, asbestos tó ń fa jẹjẹrẹ sì wà nínú fílítà ọ̀pọ̀ wọn. Ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1991, nígbà ogun Gulf, àwọn kan kú sínú ìbòmú tí wọ́n wọ̀ láti fi gba ara wọn là, nítorí wọn kò yọ ìdérí ẹnu agolo kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. À jẹ́ pé kí èèyàn gbé e sílé láìtíì wọ̀ ọ́ rí kò tó.

Ní tèmi, páálí N95 kan tó mọ ojú gbogbo àgbà inú ilé ti tó ilé kan; ẹni tó bá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún jọ ń gba tàwọn nọ́ọ̀sì ni, bí a ṣe rí i lọ́dún 2020. Ẹ má bọ́ ọ kúrò nínú páálí rẹ̀. Ẹ gbé e síbi gbígbẹ, kí ẹ má fi í sínú mọ́tò, kí ẹ má sì gbé nǹkan lé e, torí bó bá ti tẹ̀ wọ́ọ́, kì í dì mọ́ ojú mọ́. Nígbà tí NIOSH yẹ àwọn N95 tó ti kọjá déètì wò ní àwọn ilé ìkópamọ́ Amẹ́ríkà, fílítà ọ̀pọ̀ lára wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Okùn ni àwọn onímọ̀ ní kí á máa yẹ̀ wò.

Mo yẹ tèmi wò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fa okùn àkọ́kọ́ díẹ̀, ó já sí mi lọ́wọ́, ó sì fi lẹ́búlẹ́bú funfun sí mi níka. Mo fa mẹ́rin míì, méjì já. Mo kó gbogbo rẹ̀ kúrò, mo kọ déètì gàdàgbà sí ara páálí tuntun, mo sì gbé e sókè àpótí aṣọ, níbi tí oòrùn fèrèsé kì í dé.