Ẹ sọdá odò Anacostia, kẹ́ ẹ kó àwọn ọmọ dání

Bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, tí òdòdó ṣẹ́rì tú ní Washington, mo ti mọ ohun tó máa kún orí fóònù mi: àwọn ará wa láti Maryland àti Virginia, wọ́n wọ aṣọ ẹbí, wọ́n tò sábẹ́ àwọn igi tí ìlú Tokyo fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ lọ́dún 1912. Ó wuyì, n ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ẹ ò ní ríbi gbé mọ́tò sí, àwọn ọmọ á máa kùn, ẹ ó ya fọ́tò, ẹ ó padà sílé. Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ lọ́jọ́ kejì pé kí ló rí, "igi" ni á wí.

Lódìkejì odò Anacostia, ní àdúgbò Anacostia nínú Washington yẹn kan náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà, Anacostia Community Museum, tó jẹ́ ti Smithsonian, àjọ tó ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington. Ọ̀fẹ́ ni. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú àdúgbò yẹn, nínú ilé sinimá àtijọ́ kan, wọ́n sì fi pásítọ̀ ọ̀dọ́ kan, John Kinard, ṣe olórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ẹ̀dà ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn lọ sí gbalasa òfurufú wà nínú ilé náà, àwọn ẹranko kéékèèké wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n tò bíi ti ayé ọdún 1890 náà wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní sáyẹ́ǹsì ń lọ sápá kan, àṣà ń lọ sápá kejì.

Ọ̀rọ̀ eku ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ibẹ̀. Eku ń yọ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu gan-an nígbà náà. Kinard àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ò wá àwòrán olówó ńlá kọ́ sára ògiri. Lọ́dún 1969, eku gan-an ni wọ́n fi ṣe àfihàn, wọ́n kó eku ààyè wọlé. Báwo ló ṣe ń bímọ, àrùn wo ló ń gbé kiri, kí ló ń wá nínú ilé ènìyàn, ta ló yẹ kó máa kó pàǹtí tí kò kó o? Ẹ sọ fún mi, bàọ́lọ́jì nìyẹn ni àbí òṣèlú?

Àwa òbí Yorùbá tá a wà níbí la máa ń pín in sí méjì. Sáyẹ́ǹsì ni ti Sátidé, ìṣirò àti robotics, torí dókítà lọmọ máa ṣe. Àṣà ni ti ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún: gèlè, bàtá, owó níná, ìrẹsì. Mo dábàá fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ kan tí mo wà nínú rẹ̀ pé ká kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé dípò ọjọ́ àṣà. Wọ́n ní gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì ti wà nílẹ̀, DJ sì ti gba àsansílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, sáyẹ́ǹsì wà nínú àṣà wa. Ẹ jẹ́ ká fi aró nìkan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó bá ti dúró ti aláró l'Abẹ́òkúta tàbí l'Òṣogbo rí mọ̀ pé aṣọ kì í jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde, atẹ́gùn á wá fẹ́ sí i, á sì máa dú lójú rẹ báyìí, títí á fi di aró. Kí ló fà á? Èlú kì í yòrò lásán. Omi eérú àti kíkan tó ń kan nínú ìkòkò ló ń gba oxygen kúrò lára rẹ̀ kó tó lè wọnú òwú. Bí aṣọ bá wá bọ́ síta, oxygen á padà, àwọ̀ á sì dì mọ́ ọn. Ìyá aláró tó ń fi ahọ́n tọ́ omi ìkòkò wò ò lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó ti tó. Ọmọ tó rí èyí lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé kẹ́mísírì yẹn mọ́.

Irú ewé aró mìíràn ni wọ́n fi àwọn ẹrú dúdú gbìn ní South Carolina láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lórí ilẹ̀ àwọn Gullah, ìyẹn àwọn ọmọ ìran ẹrú Áfíríkà tó wà létí òkun níbẹ̀. Èdè àwọn Gullah yìí ni Lorenzo Dow Turner, onímọ̀ èdè tó jẹ́ ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ ọdún gbà sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde lọ́dún 1949, ó fi hàn pé ohun táwọn kan ń pè ní Gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ kún fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, tiwa wà níbẹ̀ dáadáa. Lọ́dún 1940 ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ̀ lọ sí Bahia ní Brazil, ó bá Martiniano Eliseu do Bomfim níbẹ̀, babaláwo tó gbé l'Ékòó nígbà èwe rẹ̀, ó sì gba ohùn bàbá náà sílẹ̀ lédè Yorùbá. Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn ìwé àti fọ́tò Turner wà? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Anacostia yìí náà ni. Wọ́n tiẹ̀ fi wọ́n ṣe àfihàn lọ́dún 2010. A ń náwó lọ sí Salvador, olú ìlú Bahia, lọ wá ìbátan, fọ́tò wọn wà nítòsí ilé.

Ìgbà ìrúwé gan-an ló yẹ fún irú ìrìn yìí. Àsìkò yìí ni àwọn ẹja kan máa ń ti inú òkun gòkè wá yé ẹyin nínú odò Anacostia, ìbátan ṣáwà tí ìyá yín ń fi jẹ ẹ̀bà. Odò náà dọ̀tí débi pé láti 2010 ni ìlú Washington ti ń gba sẹ́ǹtì márùn-ún lórí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ní ilé ìtajà, kí wọ́n lè máa fi tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ fi odò han ọmọ, kẹ́ ẹ tó wọlé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Southeast, apá ìlú tí Anacostia wà yẹn kẹ̀? Ibẹ̀ ò dáa o." Ẹni tó dàgbà sí Mushin, tó ń ti Ojúwòyè bọ̀ nílé lálẹ́, òun ló wá ń bẹ̀rù àdúgbò àwọn ènìyàn dúdú bíi tiẹ̀ lọ́sàn-án gangan! Ẹ kúkú sọ pé kò wù yín láti lọ. Tó bá wù yín, ọkọ̀ ojú irin Green Line dé Anacostia, bọ́ọ̀sì á sì gbé yín dé Fort Place, òpópónà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà báyìí.