Irọ́ ni pé ẹni tó lè wakọ̀ n'Ìwó Róòdù lè wakọ̀ níbikíbi

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lẹ́nu àwọn awakọ̀ Ìbàdàn: ẹni tó bá ti lè la Ìwó Róòdù já láàárọ̀ Mọ́ńdè, kò sí títì tó le fún un mọ́ láyé, ṣebí kan náà ni gbogbo àmì ojú pópó. Kì í ṣe kan náà rárá.

Ẹ wo àmì ìyeyè onígun mẹ́rin tí wọ́n fi igun kan dúró. Ní Amẹ́ríkà, ìkìlọ̀ ni, wọ́n á ya ohun tó wà níwájú sínú rẹ̀: kọ́nà, ọmọ iléèwé, ẹranko. Ní Jámánì àti Faransé, ó ní etí funfun, kò sì sí àwòrán nínú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí títì yìí lẹ máa kọ́kọ́ kọjá ní oríta. Bẹ́ ẹ bá wá rí i tí ìlà dúdú dá a lábùú, ẹ̀tọ́ yẹn ti parí. Láti ibẹ̀ lọ, ní oríta tí kò bá sí àmì, ọkọ̀ tó ń ti ọwọ́ ọ̀tún yín bọ̀ ló ni ọ̀nà, ì báà jẹ́ àdúgbò kékeré ló ti ń jáde. Ibẹ̀ ni àlejò ti máa ń kọlu ọlọ́kọ̀: ó rò pé títì ńlá ni tòun, onítọ̀hún sì ti gbà pé ó máa dúró de òun. Google Maps kò ní sọ ìyẹn fún yín.

Ní Faransé bákan náà, pátákó orúkọ ìlú, funfun etí pupa, ti pàṣẹ kìlómítà 50 ní wákàtí, láìsí nọ́ḿbà kankan lára rẹ̀. Àwa tí pátákó “Ẹ káàbọ̀” wa kì í pàṣẹ fúnni, a máa ń sáré kọjá lára rẹ̀ ni.

Ní Ìlú Ọba, àwọn kan rò pé bí kò bá ti sí ìlà lórí àwòrán, àyè wà. Kẹ̀kẹ́ ológeere tó wà nínú òrùka pupa lásán, kẹ̀kẹ́ ológeere kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ nìyẹn. Òrùka pupa tó ṣófo, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Èyí tó funfun róbótó, tí ìlà dúdú dá lábùú, kò ní kẹ́ ẹ sá eré tó wù yín: máìlì 60 ní wákàtí ni fún káà, tàbí 70 níbi tí nǹkan bá ti pín títì náà sí méjì láàárín.

Nọ́ḿbà náà ń tanni. Ẹ háyà ọkọ̀ ní Belfast, ní Northern Ireland tó wà lábẹ́ Ìlú Ọba, ẹ kọjá sí orílẹ̀-èdè Ireland: kò sí ẹni tó máa dá yín dúró ní bodè, ṣùgbọ́n máìlì ti di kìlómítà. Ẹni tó bá ka 100 sí máìlì ti ń sá 160 kìlómítà ní wákàtí. Nọ́ḿbà ńlá lójú aago tó ń ka eré ọkọ̀ yẹn, máìlì ni. Kìlómítà ni kékeré abẹ́ rẹ̀, òun lẹ máa tẹ̀ lé.

Ọ̀fẹ́ ni Highway Code, ìwé òfin ojú pópó Ìlú Ọba, lórí gov.uk; ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà náà ní ìwé tirẹ̀ fún awakọ̀. Orí àmì nínú ìwé náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.