Èsì sí oníbàárà tí ó ra síńgù Sarah Records àti CD Japan lọ́wọ́ wa

Ẹ kú àkókò yìí, oníbàárà wa. Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ó wà lọ́kàn yín kúnnákúnná, nítorí pé bí ó bá jẹ́ ìràwọ̀ méjì lásán ni ẹ fún wa láìsọ ìdí, n kò ní mọ ibi tí èsì yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ pé síńgù, ìyẹn àwo kékeré oní-ínṣì 7, ti ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Sarah Records tí a fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe ojúlówó, nítorí pé bébà tí a ká lásán ni àpò rẹ̀, inú ọ̀rá ni ó wà, kò sì ní bákóòdù kankan. Ẹ sọ pé CD tí wọ́n tẹ̀ ní Japan náà mú ìfura dání, nítorí pé ẹ kò rí àmì IFPI, tí ó ń fi ilé iṣẹ́ tí ó ṣe CD hàn, lára rẹ̀, orin méjì tí kò sí nínú ẹ̀dà ọ̀rẹ́ yín sì wà níbẹ̀. Ẹ wá fi kún un pé àwo kékeré náà ń ta pátipàti níbi tí orin ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayédèrú kì í ṣe ohun tí ẹni tí ń ta àwo lè gbọ́ kí ó sì panu mọ́. Gbangba ni ẹ ti sọ ọ́, gbangba náà ni mo fẹ́ fèsì sí i, kí àwọn mìíràn tí wọ́n ń kó irú àwo bẹ́ẹ̀ jọ lè rí ohun tí a fi ń dá ojúlówó mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà yẹn, torí òun gan-an ni ẹ̀rí tí ó gbe àwo yín jù lọ. Clare Wadd àti Matt Haynes ni wọ́n dá Sarah Records sílẹ̀ ní ìlú Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 1987. Kí wọ́n tó ṣe é, ìwé ìròyìn kékeré tí àwọn olólùfẹ́ orin máa ń fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń ṣe, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Ẹni tí ó ti ibi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wá mọ bí a ṣe ń ká bébà àti bí a ṣe ń dì í sínú ọ̀rá, kò sì sí ìdí tí yóò fi ná owó tí kò ní sórí páálí tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn síńgù wọn ìbẹ̀rẹ̀ fi jáde nínú bébà tí a ká yí àwo po, nínú ọ̀rá, tí ènìyàn sì lè bá pósítà tàbí ìwé pélébé kan nínú rẹ̀. Àṣà yìí kì í ṣe tiwọn nìkan. Láti oṣù kìíní ọdún 1977, nígbà tí ẹgbẹ́ olórin Buzzcocks fi owó tí wọ́n yá tẹ EP (àwo kékeré tí orin rẹ̀ ju ti síńgù lọ) wọn àkọ́kọ́ fúnra wọn, ẹ̀dà 1,000 péré, ni àwọn ọ̀dọ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i pé ẹni tí kò ní ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn lè gbé àwo jáde. Ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ipa ọwọ́ yẹn sì hàn lára rẹ̀. Àwo yín mọ́ níwọ̀nba, ó sì rọrùn lójú, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú bébà náà lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ní ojú ibi tí a ti ká a, ẹ ó rí i pé tàdáwà ti ń bó, tí funfun bébà sì ti ń yọ. Ẹ dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà róbótó fẹ́ẹ́rẹ́ tí etí àwo ti tẹ̀ mọ́ ọn lára láti ọdún pípẹ́. Wàyí o, ẹ fi ìka ra ojú ibi tí ó bó yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan ya àwòrán bébà àtijọ́, tí ó wá tẹ òmíràn láti inú àwòrán náà, ìbó yẹn yóò hàn sí ojú, ṣùgbọ́n ìka kò ní mọ̀ ọ́n, nítorí pé tàdáwà ni wọn yóò fi ya ìbó náà sórí bébà tí ó dán. Ti yín rí ṣákiṣàki lábẹ́ ìka. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó kọ ìpolówó rẹ̀, mo sì ya àwòrán ibẹ̀ sínú ìpolówó náà.

Ẹ̀rí kejì wà lára àwo fúnra rẹ̀. Láàárín ibi tí orin parí sí àti lébẹ̀lì tí ó wà láàárín, àyè dídán kan wà tí abẹ́rẹ́ máa ń yí lórí rẹ̀ láìsí orin. Nọ́ńbà tí a fín síbẹ̀ bá èyí tí a tẹ̀ sára lébẹ̀lì mu. Nọ́ńbà kì í ṣe ohun kékeré ní Sarah Records. Síńgù ẹgbẹ́ olórin The Sea Urchins ni wọ́n fi ṣe SARAH 1 ní ọdún 1987, wọ́n sì ń kà á bọ̀ láti ibẹ̀ títí tí wọ́n fi dé SARAH 100 ní oṣù kẹjọ ọdún 1995. CD àkójọpọ̀ kan ni wọ́n fi ṣe ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ òpópónà kan ní Bristol, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa. SARAH 50 kì í tilẹ̀ ṣe àwo orin, ayò tí a ń ta lórí páálí ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ń kó àwo wọn jọ fi máa ń wo nọ́ńbà kí ó tó wo ohunkóhun mìíràn, ibẹ̀ ni èmi náà sì ti kọ́kọ́ wo ti yín. Ní ti bákóòdù, àwọn síńgù ilé iṣẹ́ kéékèèké ìgbà yẹn tí kò ní in pọ̀ lọ jàra, nítorí náà àìsí rẹ̀ kò fi ohunkóhun hàn.

CD Japan ńkọ́? Àmì IFPI tí ẹ ń wá kò lè sí lára rẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n gbé àmì yẹn kalẹ̀, kí a lè mọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe CD kọ̀ọ̀kan, ọdún 1993 ni CD tiyín sì jáde. Ẹ yí àpótí rẹ̀ padà kí ẹ wo ìsàlẹ̀ bébà ẹ̀yìn. Iye owó rẹ̀ ní yẹ́ẹ̀nì wà níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde náà sì wà níbẹ̀ bí àwọn ará Japan ṣe ń kọ ọjọ́: ọdún ló ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ ló kẹ́yìn. Bí mo bá rí CD tí ẹnìkan sọ pé ọdún 1993 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, tí àmì IFPI sì wà lára rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni n óò bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́yìn náà ni. Ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀. Fàdákà ni àwọ̀ CD tí ilé iṣẹ́ tẹ̀. Èyí tí ẹnìkan fi kọ̀ǹpútà dà kọ sábà máa ń ní àwọ̀ bíi ewéko tàbí búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí aró tí ó wà nínú rẹ̀. Fàdákà ni tiyín, láti etí dé ihò àárín.

Orin méjì tí ó lé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wá CD Japan kiri, ó sì dùn mí pé òun ni ó di ẹ̀sùn nínú ọ̀rọ̀ yín. Òfin Japan gba ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù láàyè láti fi iye kan lélẹ̀ tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ máa ta CD tuntun tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀. CD tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí lábẹ́ òfin yìí, ṣọ́ọ̀bù lè tà á ní iye tí ó bá wù ú. Báyìí ni CD tí wọ́n tẹ̀ nílé ṣe sábà máa ń wọ́n ju èyí tí ó ti òkè òkun wá lọ, bẹ́ẹ̀ olórin kan náà ni, orin kan náà sì ni. Ta ni yóò wá ra èyí tí ó wọ́n? Kí ó má bàa kù sórí igbá, àwọn ilé iṣẹ́ Japan a máa fi orin kún un, pàápàá àwọn orin ojú kejì síńgù tàbí ti EP tí kò sí nínú CD tí wọ́n tà níbòmíràn. Wọ́n a máa fi ìwé pélébé sí i, tí ó ní ọ̀rọ̀ orin, ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Japan àti àlàyé nípa olórin, wọ́n a sì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní obi dì í ní ẹ̀gbẹ́. Fún ẹni tí ó fẹ́ràn orin indie pop, ìyẹn orin pop ti àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké bíi Sarah, tí púpọ̀ nínú orin rẹ̀ tí ó dára jù jáde lórí àwo kékeré tí kò pọ̀, tí ó sì tètè tán lórí àtẹ, orin méjì bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ìdí tí ó fi ra CD náà. Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn ará Japan kò ṣèṣẹ̀ ń fẹ́ irú orin yìí. Ní ọdún 1989, ẹgbẹ́ olórin Flipper's Guitar ti Tokyo kọ gbogbo àwo wọn àkọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ yóò mọ àwọn síńgù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti ń gbọ́. Ẹ̀dà ọ̀rẹ́ yín jẹ́ ojúlówó, ẹ̀dà yín náà jẹ́ ojúlówó; ilẹ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n ni kò pa pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ya obi yẹn sọnù, nítorí pé CD Japan tí kò ní obi mọ́ ti dínkù lójú ẹni tí ń kó o jọ.

Ó ku ìró pátipàti. VG (Very Good, ìyẹn pé ó dára gan-an) ni mo kọ sínú ìpolówó àwo kékeré náà, mo sì sọ níbẹ̀ pé ìwọ̀n Goldmine, tí àwọn olùtajà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò, ni mo fi wọ̀n ọ́n. Lórí ìwọ̀n yẹn, Mint ló ga jù, Near Mint tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni VG+, kí ó tó kan VG. Àwo tí ó wà ní ipò VG ni èyí tí a óò máa gbọ́ ariwo díẹ̀ lára rẹ̀ níbi tí orin bá ti rọlẹ̀, pàápàá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti níbi tí ohùn rẹ̀ ti ń rọra kú lọ ní ìparí, ṣùgbọ́n tí ariwo náà kò ní borí orin. Ohun tí ẹ gbọ́ gan-an nìyẹn. Ìdí kan tún wà tí ariwo náà fi hàn lára àwo yìí ju bí yóò ti hàn lára òmíràn lọ: orin mẹ́rin ni ó wà lórí rẹ̀, méjì ní ojú kọ̀ọ̀kan. Bí orin bá ti ń gùn sí i lójú àwo kékeré ni ìlà orin gbọ́dọ̀ máa fún mọ́ ara wọn sí i, ohùn rẹ̀ a sì máa rọlẹ̀ ju ti síńgù tí ó ní orin kan ṣoṣo lójú lọ. Ẹ ó yí ohùn ẹ̀rọ sókè kí ẹ lè gbọ́ ọ, ariwo ojú àwo á sì bá a gòkè. Gìtá tí a rọra ń ta àti ohùn jẹ́jẹ́ kò ní ìlù ńlá tí yóò bò ó mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó dá àwo lẹ́bi pátápátá, ẹ wo ẹnu abẹ́rẹ́ yín bóyá eruku dì mọ́ ọn, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá ojú àwo náà. Ó lè dínkù, ṣùgbọ́n n kò ní ṣèlérí pé yóò lọ tán.

Ẹ tún mẹ́nu bà á pé àwo wà lóde bébà rẹ̀ nígbà tí ẹ tú ẹrù náà. A mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé bí ẹrù bá ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà, etí àwo a máa gé ojú ibi tí a ti ká bébà.

Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo èyí wò, tí ọkàn yín kò sì tíì balẹ̀, ẹ̀tọ́ yín láti dá ọjà padà ṣì wà. Ẹ kọ̀wé sí wa kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ dì í bí a ti dì í sí yín, pẹ̀lú bébà, ọ̀rá àti pósítà ti àwo kékeré, àti obi àti ìwé pélébé ti CD, nítorí pé bí ọ̀kan nínú wọn bá sọnù, ohun tí ó padà sọ́dọ̀ wa kì í ṣe ohun tí a tà mọ́. A óò dá gbogbo owó yín padà, owó ìfiránṣẹ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi wọ́n sọ́dọ̀ ara yín, ẹ ra ọ̀rá tuntun tí a fi pọ́líẹ́tílínì ṣe fún àwo kékeré náà, kì í ṣe èyí tí a fi ike PVC ṣe, torí pé PVC a máa ba ojú àwo jẹ́ bí ó bá pẹ́ lára rẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa jẹ́ tiyín, n kò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ fi kún un. Ọ̀rọ̀ ayédèrú nìkan ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ yọ kúrò nínú ohun tí ẹ kọ, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìka yín ra bébà náà, tí ẹ sì ti wo ọjọ́ tí ó wà lẹ́yìn CD.